Ọkọ̀ ẹbí ẹlẹ́ni mẹ́fà: ṣé tuntun ni kí á rà, tàbí tòkunbọ̀?

Ìyá Ìbejì, Bódìjà

Ẹ kú ilé o, ẹ̀yin ará. Ọ̀rọ̀ kan wà láàárín èmi àti bàbá àwọn ọmọ mi tí a kò tíì fẹnu kò lé lórí, mo sì gbà pé àwọn tó ra ọkọ̀ láìpẹ́ yìí, àti àwọn tí iṣẹ́ ọkọ̀ jẹ́ iṣẹ́ òòjọ́ wọn, yóò lè là wá lọ́yẹ. Ẹni mẹ́fà ni wá nínú ilé: àwa méjèèjì, àkọ́bí wa tó jẹ́ ọmọ ọdún 11, àwọn ìbejì tí wọ́n jẹ́ ọmọ ọdún 4, àti ìyá ọkọ mi tí orúnkún ń dùn, tí kò lè gun ọkọ̀ tó bá ga jù. Ojoojúmọ́ ni a ń gbé àwọn ọmọ lọ sí iléèwé láàárín ìgboro Ìbàdàn, oṣooṣù ni a sì ń lọ sí Ìlá Ọ̀ràngún láti wo àwọn òbí mi.

Mílíọ̀nù 14 náírà ló wà lọ́wọ́ wa. Ìdajì rẹ̀ wá láti ọ̀dọ̀ ẹgbẹ́ alájẹṣẹ́kù ibi iṣẹ́ mi, ìyókù jẹ́ owó tí a fi pamọ́. Bàbá àwọn ọmọ ní kí á lọ sọ́dọ̀ àwọn tó ń ta ọkọ̀ tuntun, kí á kó mílíọ̀nù 14 yìí sílẹ̀, kí báńkì sì yá wa ní ìyókù, nítorí pé ó ti sú òun láti máa jókòó sọ́dọ̀ mẹkáníìkì ní gbogbo ọjọ́ Sátidé. Èmi ní tèmi ń wo tòkunbọ̀. Àbúrò ọkọ mi sì tún ní jíìpù Toyota Highlander kan tó ti ń lò níbí fún ọdún mélòó kan, tó ní òun lè tà fún wa ní ẹ̀dínwó. Èwo ni ẹ rò pé ó bọ́gbọ́n mu nínú mẹ́tẹ̀ẹ̀ta?

Oníṣirò Owó, Abẹ́òkúta

Ìyá Ìbejì, ẹ jẹ́ kí á kọ́kọ́ gbé owó báńkì yìí sórí ìwé ná. Báńkì àpapọ̀ ilẹ̀ wa gbé òṣùwọ̀n èlé rẹ̀ dé ìdá 27.5 nínú ọgọ́rùn-ún ní oṣù kọkànlá ọdún 2024, ó sì di oṣù kẹsàn-án ọdún 2025 kí wọ́n tó dín in kù sí 27. Nígbà tí òṣùwọ̀n àpapọ̀ bá ga tó bẹ́ẹ̀, ẹni tó bá lọ yá owó ọkọ̀ kò gbọdọ̀ retí èlé tó kéré sí 30.

Ẹ jẹ́ kí á sọ pé mílíọ̀nù 30 ni ọkọ̀ tuntun náà, tí ẹ yá mílíọ̀nù 16 ní èlé ìdá 30 lọ́dún, tí ẹ ó sì san án fún ọdún 4. Iye tí ẹ ó máa san lóṣooṣù yóò tó nǹkan bíi 576,000 náírà. Nígbà tí ẹ bá fi san án tán, ẹ ó ti dá nǹkan bíi mílíọ̀nù 27.6 padà fún báńkì, èyí tó fi hàn pé èlé nìkan ti lé ní mílíọ̀nù 11. Owó èlé yẹn kò kéré púpọ̀ sí gbogbo ohun tí ẹ kó jọ báyìí. Kò sì tán síbẹ̀ o, nítorí pé báńkì kì í gba ínṣọ́ránsì ti ẹnìkẹta, ìyẹn èyí tó ti di 15,000 náírà fún ọkọ̀ àdáni láti oṣù kìíní ọdún 2023. Èyí tó kan olè, iná àti ìjàm̀bá ni wọ́n ń béèrè, iye ọkọ̀ ni wọ́n fi ń ṣírò rẹ̀, ọdọọdún ni ẹ ó sì máa san án títí gbèsè yóò fi tán.

Àwọn kan yóò sọ pé ọkọ̀ kì í jábọ́ lówó mọ́ ní ilẹ̀ yìí. Òótọ́ ni pé láti oṣù kẹfà ọdún 2023, tí ìjọba ti jẹ́ kí náírà máa wá iye ara rẹ̀ lójà, ọ̀pọ̀ ẹni tó ti ra Corolla tòkunbọ̀ ṣáájú ìgbà náà rí i pé àwọn ènìyàn fẹ́ fún wọn ní iye tó ju èyí tí àwọn fi rà á lọ. N kò ka ìyẹn sí èrè, nítorí pé bí wọ́n bá tà á, òmíràn tí wọn yóò fi dípò rẹ̀ ti wọ́n jù bẹ́ẹ̀ lọ. Ẹ̀kọ́ tó wà níbẹ̀ fún yín ni pé kí ẹ ra ọkọ̀ tí ọjà rẹ̀ yá, tí ẹ lè tà láàárín ọ̀sẹ̀ díẹ̀ bí ọ̀ràn bá le. Ọkọ̀ tuntun, ní ọjọ́ tó bá ti jáde ní ọgbà ẹni tó tà á, ti di àlòkù lójú ẹni tó bá fẹ́ rà á lọ́wọ́ yín.

Bí ẹ bá fẹ́ gba ìmọ̀ràn mi, ẹ má fi ju mílíọ̀nù 12 ra ohunkóhun. Mílíọ̀nù 2 tó kù ni ẹ ó fi ṣe ìwé, tí ẹ ó fi ra táyà, tí ẹ ó sì fi ṣe àwọn àtúnṣe tí ọkọ̀ àlòkù èyíkéyìí yóò béèrè láàárín oṣù mẹ́fà àkọ́kọ́. Àwọn tó fi gbogbo owó wọn ra ọkọ̀ ni wọ́n máa ń gbé e síta lẹ́yìn oṣù mélòó kan, kì í ṣe pé ọkọ̀ náà burú, owó tí wọn ì bá fi tọ́jú rẹ̀ ni kò sí.

Alhaja Aláṣọ, Ìlọrin

Ẹ kú àlàyé, Oníṣirò. Mo fẹ́ fi kún un pé àwọn báńkì tí kì í gba èlé wà, bíi Jaiz tó bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní ọdún 2012, tí wọ́n máa ń ra ọkọ̀ náà fúnra wọn, tí wọn yóò wá tà á fún yín pẹ̀lú èrè tí wọ́n ti sọ fún yín kí ẹ tó fọwọ́ sí ìwé. Iye náà kì í yí padà bí èlé bá gòkè nígboro, ẹ̀yin náà sì mọ ibi tí gbèsè náà parí sí láti ọjọ́ kìíní. Ìyẹn kò sọ pé ó dínwó o. Èrè wọn kò kéré, bí ẹ bá sì ṣírò rẹ̀ bí Oníṣirò ṣe ṣe é yìí, ẹ ó rí i pé ọkọ̀ tuntun ṣì wọ́n lójú ẹni tó ní mílíọ̀nù 14.

Rewáyà Mọ́kọ́lá

Ìyá Ìbejì, ẹ kú ìrọ̀lẹ́ o. Iṣẹ́ iná ọkọ̀ ni mo ń ṣe, kí n tó sì sọ̀rọ̀ lórí irú ọkọ̀ tí ẹ ó rà, ẹ jẹ́ kí n sọ̀rọ̀ lórí omi. Àwọn ọkọ̀ tí àgbàrá ti bò mọ́lẹ̀ ní òkè òkun wà nínú tòkunbọ̀ tó ń wọlé, ẹni tó ń rà wọ́n kì í sì í mọ̀. Wọn yóò fọ̀ ọ́, wọn yóò pààrọ̀ aṣọ ìjókòó rẹ̀, wọn yóò fi lọ́fínńdà sí i, yóò sì máa dán gbinrin. Ẹ́ńjìnnì rẹ̀ lè ṣiṣẹ́ fún ọdún kan láìní ìṣòro. Iná ni yóò kọ́kọ́ bẹ̀rẹ̀: lónìí gíláàsì kò ní sọ̀kalẹ̀, lọ́la iná ẹ̀yìn kò ní tàn, ní ọ̀túnla ọkọ̀ yóò kú lójú ọ̀nà láìsí ìdí, ẹ ó sì máa gbé e wá sọ́dọ̀ irú wa títí ẹ ó fi sú ara yín.

Ẹ fa bẹ́líìtì ìjókòó ẹ̀yìn jáde títí dé òpin rẹ̀ pátápátá, kì í ṣe ibi tí ẹ máa ń fà á dé bí ẹ bá fẹ́ dè é. Apá ìparí yẹn, tó máa ń ká jọ sínú ògiri ọkọ̀, ni omi máa ń fi ìlà ẹrẹ̀ sí, ọwọ́ ẹni tó fọ ọkọ̀ kì í sì í sábà dé ibẹ̀. Ẹ gbé táyà sípíà kúrò ní àyè rẹ̀ nínú búútù, kí ẹ wo abẹ́ rẹ̀ bóyá yanrìn tàbí ìpẹtà wà níbẹ̀. Ẹ yọ fíúsì kan tàbí méjì. Bí ẹ bá rí nǹkan aláwọ̀ ewé tó dà bí ìpẹtà idẹ ní ẹsẹ̀ rẹ̀, ẹ dúpẹ́ lọ́wọ́ ẹni tó ń tà á, kí ẹ sì máa bá ọ̀nà yín lọ.

Ohun kejì ni pé kí ẹ bá ẹ́ńjìnnì náà ní tútù. Àwọn tó ń ta ọkọ̀ fẹ́ràn láti ti tan án sílẹ̀ kí ẹ tó dé, nítorí pé ẹ́ńjìnnì tó ti gbóná máa ń fi ẹ̀gbin rẹ̀ pamọ́. Ẹ fi ọwọ́ kan bọ́nẹ́ẹ̀tì kí ẹ tó kí wọn tán. Bí ó bá gbóná, ẹ sọ fún wọn pé ẹ ó padà wá lọ́jọ́ mìíràn. Ní ìṣẹ́jú tí ẹ bá tan án, kí ẹnìkan dúró sẹ́yìn, kó máa wo èéfín: èéfín aláwọ̀ aró túmọ̀ sí pé ẹ́ńjìnnì ń jó ọ́ìlì. Camry tí a ń pè ní Muscle, ti ọdún 2007 sí 2009, èyí tó jẹ́ onípúlọ́ọ̀gì mẹ́rin, wà lára àwọn ọkọ̀ Toyota tí a mọ̀ sí èyí, ilé iṣẹ́ náà fúnra rẹ̀ sì ṣe ètò àtúnṣe fún un ní Amẹ́ríkà. Ọkọ̀ náà dára, ṣùgbọ́n ẹni tó bá rà á láì máa wo ọ̀pá ọ́ìlì rẹ̀ déédéé yóò ra ẹ́ńjìnnì mìíràn.

Lẹ́yìn náà ni gíá. Ẹ fi ẹsẹ̀ tẹ búrẹ́ẹ̀kì, ẹ gbé gíá sí D: ó gbọ́dọ̀ mú lójú ẹsẹ̀, láìsí pé ó ń rò ó, láìsí pé ó ń fò bí ẹni tí wọ́n tì. Ẹ gbé e sí R, kí ẹ wò ó bákan náà. Ẹ wá wà á títí yóò fi gbóná dáadáa, kí ẹ gbé e gun òkè Màpó, kì í ṣe kí ẹ kàn yípo ọgbà ẹni tó ń tà á, nítorí pé gíá tó ti ń kú lè dára ní tútù, kó sì máa yọ̀ nígbà tó bá gbóná tán lórí òkè.

Ní ti irú ọkọ̀, ẹbí ẹlẹ́ni mẹ́fà tó ní ìyá arúgbó nínú, Sienna ni ọkàn mi lọ sí. Ilẹ̀ rẹ̀ kò ga, ilẹ̀kùn rẹ̀ ń fà sẹ́yìn, ìyá yóò kàn jókòó ni, kò ní gùn ún. Ṣùgbọ́n ẹ mọ ọdún tí ẹ ń rà. Ti ọdún 2004 sí 2006 ń lo bẹ́líìtì nínú ẹ́ńjìnnì rẹ̀, ó sì yẹ kí wọ́n pààrọ̀ rẹ̀ ní nǹkan bíi máìlì 90,000. Bí ó bá já, ibi tí ẹ bá dé ni ọkọ̀ ti dúró nìyẹn. Láti ọdún 2007 ni wọ́n ti fi ṣéènì dípò rẹ̀. Ẹ ṣí àwọn ilẹ̀kùn onínáa rẹ̀ méjèèjì, kí ẹ sì tì wọ́n, lẹ́ẹ̀mẹta lẹ́ẹ̀mẹrin, nítorí pé wáyà tó ń fa ilẹ̀kùn yẹn máa ń já, àtúnṣe rẹ̀ kò sì dínwó.

Mítà ni mo fẹ́ fi parí. Máìlì ló wà lójú ọkọ̀ Amẹ́ríkà, kì í ṣe kìlómítà, nítorí náà 120,000 tí ẹ bá rí níbẹ̀ ti lé ní kìlómítà 190,000. Yíyí mítà padà kò ṣòro fún ẹni tó mọ̀ ọ́n. Bí ẹ bá rí ọkọ̀ tí mítà rẹ̀ sọ pé máìlì 60,000 ni, tí rọ́bà orí búrẹ́ẹ̀kì rẹ̀ sì ti jẹ títí dé irin, tí awọ ìdarí rẹ̀ ń dán bí awọ bàtà àtijọ́, ojú yín ni kí ẹ gbà gbọ́. Ẹ̀rọ ayẹ̀wò tí à ń so mọ́ kọ̀ǹpútà ọkọ̀ lè ràn yín lọ́wọ́, nítorí pé nínú ọkọ̀ mìíràn, iye máìlì tó wà nínú kọ̀ǹpútà gíá tàbí ti búrẹ́ẹ̀kì kì í bá ti dáṣíbọ́ọ̀dù mu. Ẹ̀rọ kan náà yóò sì sọ fún yín bí wọ́n bá ṣẹ̀ṣẹ̀ pa iná ẹ́ńjìnnì rẹ́ ní àárọ̀ ọjọ́ náà, torí yóò fi hàn pé àwọn àyẹ̀wò tí ọkọ̀ ń ṣe fún ara rẹ̀ kò tíì parí.

Ọmọ Èkìtì ní Houston

Ohun tí Rewáyà sọ nípa omi, ojú mi ló ṣe ní ìlú yìí ní oṣù kẹjọ ọdún 2017, nígbà tí ìjì Harvey fi omi kún gbogbo àdúgbò, tí ọkọ̀ wà nínú omi títí dé gíláàsì. Ilé iṣẹ́ ínṣọ́ránsì máa ń sanwó fún ẹni tó ni irú ọkọ̀ bẹ́ẹ̀, yóò gba ọkọ̀ náà, yóò sì gbé e lọ sí ọjà gbàǹjo, níbi tí àwọn tó ń kó ọkọ̀ lọ sí òkè òkun ti ń rà á ní owó pọ́ọ́kú. Àwọn ọkọ̀ tó ní ìjàm̀bá lójú títì náà máa ń gba ọ̀nà yẹn. Ìwé ọkọ̀ náà ní Amẹ́ríkà yóò ní àmì salvage, tó ń sọ pé ó ti bàjẹ́ débi pé ínṣọ́ránsì ka àtúnṣe rẹ̀ sí òfò, ṣùgbọ́n ìwé yẹn kì í dé ọwọ́ ẹni tó rà á ní Ìbàdàn.

Nọ́ńbà ṣáásíì ni yóò tú àṣírí. Ó jẹ́ àmì 17, ẹ ó rí i ní igun gíláàsì iwájú ní ọwọ́ dírẹ́bà, àti lára bébà tí wọ́n lẹ̀ mọ́ ẹnu ilẹ̀kùn dírẹ́bà. Méjèèjì gbọ́dọ̀ bá ara wọn mu, kí wọ́n sì bá ìwé kọ́sítọ́ọ̀mù mu. Àmì kìíní ń sọ ibi tí wọ́n ti ṣe ọkọ̀ náà: J ni Japan, 1, 4 àti 5 ni Amẹ́ríkà, 2 ni Kánádà. Àmì kẹwàá ń sọ ọdún rẹ̀: A ni 2010, B ni 2011, C ni 2012, ó sì ń lọ bẹ́ẹ̀ láìlo I, O, Q, U àti Z. Mo mẹ́nu bà á nítorí pé nílé níbẹ̀ àwọn kan máa ń pààrọ̀ iná iwájú àti bọ́m̀pà kí ọkọ̀ ọdún 2008 lè dà bí ti 2012. Iwájú ọkọ̀ lè yí padà. Ẹ wo àmì kẹwàá.

Bí ẹ bá ti ní nọ́ńbà náà lọ́wọ́, ẹ tẹ̀ ẹ́ sórí íntánẹ́ẹ̀tì bó ṣe rí. Ọ̀pọ̀ ìgbà ni àwòrán tí wọ́n yà nígbà tí wọ́n gbé ọkọ̀ náà lọ sí gbàǹjo ṣì wà níbẹ̀, ẹ ó sì rí bí iwájú rẹ̀ ṣe rún kí wọ́n tó tún un ṣe. Ìwé ìtàn ọkọ̀ bíi Carfax kò wọ́n bí a bá fi wé owó tí ẹ fẹ́ ná. Ẹ tún lọ sí ojú òpó NHTSA, àjọ tó ń mójú tó ààbò ọkọ̀ ní Amẹ́ríkà, ọ̀fẹ́ ni, kí ẹ wo bóyá ọkọ̀ náà wà lára àwọn tí wọ́n pè padà nítorí báàgì afẹ́fẹ́ Takata, èyí tó lè bú kó sì fọ́n irin sí ènìyàn lójú. Corolla àti Honda pọ̀ nínú rẹ̀.

Fún àwọn tí wọ́n ní ẹbí ní Lọ́ńdọ̀nù, ẹ má jẹ́ kí wọ́n máa wá ọkọ̀ fún yín. Ọwọ́ ọ̀tún ni ìdarí wọn wà, láti ọdún 1972 tí Nàìjíríà sì ti yí ọ̀nà ìwakọ̀ rẹ̀ padà, irú ọkọ̀ bẹ́ẹ̀ kò bá ọ̀nà wa mu mọ́.

Olùkọ́ Fẹ̀yìntì, Ìjẹ̀bú-Òde

Mo ka gbogbo ohun tí ẹ kọ, ẹ̀kọ́ sì wà nínú rẹ̀, ṣùgbọ́n ó dà bí ẹni pé gbogbo yín ti gbà láìjiyàn pé ọkọ̀ tuntun kì í ṣe ti irú wa mọ́. Ní ọdún 1975 ni wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í to Peugeot pọ̀ ní Kàdúná, ọdún kan náà ni Volkswagen bẹ̀rẹ̀ ní Òjó, olùkọ́ sì lè gba owó ọkọ̀ lọ́wọ́ ìjọba, kó ra Volkswagen Ìjàpá tuntun, kó sì máa san án díẹ̀díẹ̀ láti inú owó oṣù rẹ̀. Kò sí ẹni tó ń fa bẹ́líìtì yọ láti wá ẹrẹ̀ nígbà náà.

Mo fẹ́ kí á gbèjà bàbá àwọn ìbejì díẹ̀. Sátidé tí ó ń lò lọ́dọ̀ mẹkáníìkì ní iye, bí kò tilẹ̀ sí nínú ìṣirò tí Oníṣirò ṣe. Ọkọ̀ tuntun ní ìwé àtìlẹ́yìn tó sọ pé bí nǹkan bá bàjẹ́ láàárín ọdún mélòó kan, ẹni tó tà á ni yóò tún un ṣe. Tòkunbọ̀ ọdún 2011, bí àpẹẹrẹ, ti tó nǹkan bí ọdún 15 ní ayé, bí ẹ bá sì lò ó fún ọdún 8, yóò ti lé ní 20. Èmi kò sọ pé kí wọ́n lọ yá owó báńkì ní èlé 30. Mo ń sọ pé bí ẹbí náà bá lè fara da ọkọ̀ tí wọ́n ní báyìí fún ọdún kan tàbí méjì sí i, tí wọ́n sì ń fi owó pamọ́, kí wọ́n má fi ojú yẹpẹrẹ wo ọkọ̀ tuntun kékeré kan. Kí wọ́n sáà béèrè ibi tí wọn yóò ti máa tún un ṣe ní Ìbàdàn, nítorí pé ìwé àtìlẹ́yìn tí ènìyàn gbọ́dọ̀ lọ sí Èkó kó tó lè lò kò yàtọ̀ sí kó má sí.

Oníṣirò Owó, Abẹ́òkúta

Ẹ kú àgbà, Bàbá. Mo gbà pé Sátidé ní iye. Ìṣòro tó kù ni pé ọkọ̀ tuntun kékeré ẹlẹ́ni márùn-ún kò lè gbé ẹni mẹ́fà, owó tí wọ́n bá sì ń fi pamọ́ ní náírà fún ọdún méjì, ọkọ̀ lè sáré jù ú lọ, bí a ti rí i láti ọdún 2023.

Agbẹjọ́rò Òṣogbo

Kò tíì sí ẹni tó sọ̀rọ̀ lórí Highlander ti àbúrò ọkọ, bẹ́ẹ̀ sì ni èmi rò pé òun gan-an ló yẹ kí á kọ́kọ́ yẹ̀ wò. Àǹfààní tó wà níbẹ̀ ni pé ẹ mọ ẹni tó lò ó, ẹ mọ bí ó ṣe ń wa ọkọ̀, ẹ sì lè lọ bá mẹkáníìkì rẹ̀ béèrè ohun tó ti bàjẹ́ rí. Ìmọ̀ bẹ́ẹ̀ kò sí lórí tòkunbọ̀ kankan. Ẹ̀dínwó nìkan kò tó láti fi rà á ṣá.

Ẹ béèrè ìwé owó orí kọ́sítọ́ọ̀mù rẹ̀, kí ẹ sì wo ibi tó gbà wọlé. Láti ọjọ́ kìíní oṣù kìíní ọdún 2017 ni ìjọba ti fi òfin de gbígbé ọkọ̀ gba ẹnubodè orí ilẹ̀ wọlé, nítorí náà ọkọ̀ tó bá ti Kùtọnú gba ojú ọ̀nà wọlé lẹ́yìn ọjọ́ yẹn kò lè ní ìwé tó mọ́. Bí kọ́sítọ́ọ̀mù bá dá a dúró, ẹni tó wà lórí ìjókòó ni yóò máa ṣàlàyé, kì í ṣe ẹni tó tà á. Ẹ fi nọ́ńbà ọkọ̀ náà wo ínṣọ́ránsì rẹ̀ lórí askNIID, ojú òpó tí àwọn ilé iṣẹ́ ínṣọ́ránsì fi ń jẹ́ kí á yẹ ìwé wò, nítorí pé ayédèrú ìwé ínṣọ́ránsì pọ̀ nígboro, àwọn ọlọ́pàá sì ti bẹ̀rẹ̀ sí í béèrè rẹ̀ láti oṣù kejì ọdún 2025.

Bí ẹ bá rà á, ẹ kọ ìwé. Ẹ kọ iye, ọjọ́, nọ́ńbà ṣáásíì, nọ́ńbà ẹ́ńjìnnì, kí ẹlẹ́rìí fọwọ́ sí i, kí ẹ sì gba orúkọ rẹ̀ kúrò lára ọkọ̀ láàárín ọ̀sẹ̀ náà. Mo ti rí ẹjọ́ láàárín ọmọ ìyá lórí ọkọ̀ tí wọ́n ní àwọn kò nílò ìwé lé lórí, nítorí pé ọ̀kan sọ pé òun tà á, èkejì sì sọ pé òun yá a ni. Kí ẹ sì fọ̀rọ̀ yìí síwájú ọkọ yín pẹ̀lú ọgbọ́n o: bí gíá Highlander yẹn bá kú ní oṣù kejì, àwọn àna yín ni ẹ ó máa bá sọ̀rọ̀ ní gbogbo ọdún, yàtọ̀ sí alágbàtà tí ẹ kò ní rí mọ́.

Ìyá Oníléèwé, Ọ̀yọ́

Èmi fẹ́ sọ̀rọ̀ lórí epo, nítorí pé bọ́ọ̀sì iléèwé ti kọ́ mi lọ́gbọ́n láti ọjọ́ 29 oṣù karùn-ún ọdún 2023 tí wọ́n ti yọ owó ìrànwọ́ epo. Púlọ́ọ̀gì mẹ́fà ni ọ̀pọ̀ Sienna, kì í sì í mu epo díẹ̀ nínú sún-kẹẹrẹ fà-kẹẹrẹ Ìbàdàn. Highlander wà ní púlọ́ọ̀gì mẹ́fà, ó sì tún wà ní mẹ́rin, ẹ bi àbúrò ọkọ yín èwo ni tirẹ̀. Ẹnìkan lè gbà yín níyànjú pé kí ẹ fi gáàsì CNG sí Sienna. Àgbá gáàsì náà ni yóò gba àyè ẹrù, níbo ni ẹ ó kó ẹrù Ìlá sí?

Ẹ má gbàgbé àwọn ìbejì. Ọmọ ọdún 4 kì í jókòó lásán nínú ọkọ̀, ìjókòó ọmọdé ni ó yẹ wọn. Ọkọ̀ Amẹ́ríkà láti ọdún 2003 ní ìkọ́ irin láàárín ìjókòó ẹ̀yìn tí a ń fi ìjókòó ọmọdé kọ́, ẹ ti ọwọ́ bọ àlàfo yẹn kí ẹ wò ó bóyá ó ṣì wà. Ẹ wo táyà náà pẹ̀lú: nọ́ńbà mẹ́rin tó kẹ́yìn lára rẹ̀ ni ọ̀sẹ̀ àti ọdún tí wọ́n ṣe é, 2319 túmọ̀ sí ọ̀sẹ̀ 23 ọdún 2019. Táyà tí ó bá ti pẹ́ lè bẹ́ lójú ọ̀nà Ìlá, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ojú rẹ̀ kò tíì jẹ.

Ìyá Ìbejì, Bódìjà

Ẹ ṣeun púpọ̀, gbogbo yín. Bàbá àwọn ọmọ ka ìṣirò 576,000 náírà yẹn lẹ́ẹ̀mejì, kò sì tún mẹ́nu ba báńkì mọ́. A béèrè ìwé Highlander náà lọ́wọ́ àbúrò rẹ̀. Ìwé kọ́sítọ́ọ̀mù wà, ó sì mọ́, ṣùgbọ́n ìyá ọkọ mi gbìyànjú láti wọ̀ ọ́ ní ọjọ́ Àìkú, orúnkún rẹ̀ kò gbà. A ti rí Sienna tòkunbọ̀ kan ní òpópónà Ring Road, wọ́n ní ọdún 2010 ni, iye tí wọ́n pè é kò ju ohun tí a lè ná lọ bí a bá fi mílíọ̀nù 2 sílẹ̀ bí Oníṣirò ti wí. Àmì kẹwàá lára ṣáásíì rẹ̀ ni 9, èyí tó jẹ́ kí n bi ẹni tó ń tà á léèrè pé báwo ni 2010 ṣe di 2009, ó sì ti dín owó rẹ̀ kù kí n tó sọ ohunkóhun mìíràn. Rewáyà, ẹ jọ̀wọ́, ṣé ẹ lè bá wa wò ó ní Sátidé? A ó san owó iṣẹ́ yín.

Rewáyà Mọ́kọ́lá

Sátidé kò dára, ìyá mi. Èrò pọ̀ níbẹ̀ lọ́jọ́ náà, wọn yóò sì ti máa tan ọkọ̀ náà fún oníkálukú láti àárọ̀. Kí a lọ ní Ọjọ́bọ̀, aago 7 àárọ̀, mo ń mú ẹ̀rọ ayẹ̀wò mi bọ̀. Ẹ má sọ fún un pé rewáyà ń bọ̀. Ẹ sáà bẹ̀ ẹ́ pé kó má tan ọkọ̀ náà kí ẹ tó dé, kí ẹ sì mú Màmá dání kí wọ́n lè fi ẹsẹ̀ ara wọn wọ ilẹ̀kùn ẹ̀yìn náà wò.